Àmì Ìsàlẹ̀ àti Àmì Òkè: Bí A Ṣe Lè Ka Ìtakora inú Ìwé Ìlànà Unicode, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti inú Àkójọ Ọ̀rọ̀ Akparé

Ìfáárà

Àṣìṣe tèmi ló bí iṣẹ́ yìí. N ó kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó dé orí àlàyé, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò lo irú àkójọ ọ̀rọ̀ kan náà àti irú ẹ̀rọ kan náà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jìn sí ọ̀fìn tí mo jìn sí.

Akparé wà ní agbègbè Atakpamé, ní ẹkùn Plateaux ní orílẹ̀-èdè Tógò. Èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni wọ́n ń pè ní Ifɛ̀. Àwọn ìwé mìíràn ń pè é ní Ana. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí bí orírun wọn, orúkọ èdè náà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Nínú àkójọ ISO 639-3, kóòdù rẹ̀ ni ife, kóòdù Yorùbá sì ni yor, èyí tó fi hàn pé lójú àwọn tó ṣe àkójọ náà, èdè méjì ni wọ́n. Bóyá èdè ni tàbí ẹ̀ka-èdè, n kò ní dá sí i níbí. Ohun tó kàn mí ni bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ní Akparé sílẹ̀, àti ohun tí kọ̀ǹpútà fi ìkọsílẹ̀ yẹn ṣe.

Olùrànlọ́wọ́ méjì ló tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Àkọtọ́ Yorùbá tí a ń lò ní Nàìjíríà ni mo ní kí wọ́n lò, ìyẹn ẹ, ọ àti ṣ, torí òun ló mọ́ èmi lára. Mo ti kábàámọ̀ ìpinnu yẹn. Olùrànlọ́wọ́ kìíní tẹ ìdajì àkọ́kọ́ pẹ̀lú kíbọọ̀dù tó ń fi àmì tó-ín sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ìkejì tẹ ìdajì tó kù, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà àdúgbò kan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú kíbọọ̀dù mìíràn tó ń fi ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ sísàlẹ̀. Gbogbo wa la ti rí oríṣi méjèèjì nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, a kì í sì í kà wọ́n sí ohun méjì. Lójú kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú fọ́ǹtì kékeré tí mo ń lò, n kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ ka iye ìgbà tí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Mo kọ ètò kékeré kan tó máa yọ àmì ohùn kúrò kó tó kà wọ́n. Ìdajì kìíní fún mi ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Ìdajì kejì fún mi ní márùn-ún. Kò sí ẹ, kò sí ọ. Ayọ̀ ńlá ló jẹ́ fún mi. Mo ti rò ó pé àwọn àgbàlagbà àdúgbò yẹn ti da e pọ̀ mọ́ ẹ, wọ́n sì ti da o pọ̀ mọ́ ọ. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀ fún ìjókòó àpérò ẹ̀ka wa. Ẹ̀gbọ́n kan nínú iṣẹ́ ló kà á, tó wá bi mí pé: “Ṣé etí lo fi gbọ́ èyí, àbí ojú lo fi rí i?” Mo ní, “Ojú ni, sà.” Wọ́n ní kí n lọ gbé ohùn tí a gbà sílẹ̀ jáde. Màmá àgbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́. Fáwẹ̀lì rẹ̀ pé. Mi ò lè sọ pé ẹnu ẹnikẹ́ni ni fáwẹ̀lì wọ̀nyẹn ti sọnù. Inú fáìlì mi ni wọ́n ti sọnù.

Ohun tí ètò náà ṣe

Unicode ni ìwé ìlànà tó ń sọ nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àti bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe ń bá ara wọn ṣe. Lẹ́tà bí i e ní kóòdù tirẹ̀. Àmì bí i ohùn òkè náà ní kóòdù tirẹ̀, U+0301, tí a lè so mọ́ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀. N ó máa pe irú èyí ní àmì àsomọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni U+0300. Tó-ín ìsàlẹ̀ ni U+0323, ìlà gbọọrọ ìsàlẹ̀ sì ni U+0329. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, àwọn lẹ́tà kan wà tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ àmì wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ní kóòdù kan ṣoṣo; mo pe àwọn wọ̀nyí ní lẹ́tà àpapọ̀. È jẹ́ U+00E8, ẹ tó ní tó-ín jẹ́ U+1EB9.

Ẹ wo orúkọ èdè yìí nìkan, kí ẹ ka iye ọ̀nà tí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà wọlé. Bí a bá lo tó-ín, a lè tẹ e, tó-ín, ohùn. A lè tẹ e, ohùn, tó-ín. A lè tẹ ẹ alápapọ̀ kí a fi ohùn tẹ̀ lé e. A sì lè tẹ è alápapọ̀ kí a fi tó-ín tẹ̀ lé e. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Bí a bá lo ìlà gbọọrọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, torí pé kò sí e onílà tó jẹ́ lẹ́tà àpapọ̀. Bí a bá wá kọ ọ́ bí àwọn tó ń kọ Ifɛ̀ ṣe ń kọ ọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni: ɛ, kí ohùn tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́jọ, láìka “Ifè” tí àwọn tó ń fi àkọtọ́ Faransé kọ ọ́ ń lò, níbi tí è ti dúró fún ìró ɛ láìsọ ohunkóhun nípa ohùn.

Àwọn tó ṣe Unicode mọ̀ pé èyí yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe òfin ìmúdọ́gba tó wà nínú àfikún ìwé ìlànà wọn tí à ń pè ní UAX #15. Òfin náà ń sọ irú àwọn ìtẹ̀léra tó dọ́gba, ó sì ń sọ gbogbo wọn di ìrísí kan ṣoṣo. Ìrísí méjì ló ṣe pàtàkì fún wa. Nínú NFD, a tú gbogbo lẹ́tà àpapọ̀ palẹ̀, a sì to àwọn àmì. Nínú NFC, a tú wọn, a tò wọ́n, a wá tún àwọn tó bá ṣeé so pọ̀ so padà. Láti to àwọn àmì, wọ́n fún àmì kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì: 220 ni ti àwọn àmì ìsàlẹ̀ bí i tó-ín àti ìlà gbọọrọ, 230 sì ni ti àwọn àmì òkè. Èyí tó kéré ló ń ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òfin náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹ̀ olótó-ín, lẹ́yìn títú àti títò, a ní e, tó-ín, ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ so wọ́n padà, e pẹ̀lú tó-ín di U+1EB9. Ẹ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo, nítorí náà ohùn dúró sí ẹ̀gbẹ́. Àbájáde: ẹ, lẹ́yìn náà ohùn. Fún è̩ onílà, lẹ́yìn títú àti títò, a ní e, ìlà, ohùn ìsàlẹ̀. E pẹ̀lú ìlà kò ní kóòdù kan ṣoṣo, nítorí náà ìlà dúró. Ohùn wá fo ìlà kọjá, torí pé kíláàsì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìlà, ó sì lọ bá e: e pẹ̀lú ohùn di U+00E8. Àbájáde: è, lẹ́yìn náà ìlà.

Ibí yìí ni ètò mi ti já. Ó kọ́kọ́ sọ gbogbo fáìlì di NFC. Lẹ́yìn náà ó yọ gbogbo àmì àsomọ́ tó kù. Lẹ́yìn èyí ó lo tábìlì kékeré kan tó sọ á àti à di a, é àti è di e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdajì kìíní, ohun tó yọ ni ohùn, ẹ sì ṣẹ́ kù bí mo ṣe fẹ́. Nínú ìdajì kejì, ìlà ló yọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni è, tábìlì mi sì sọ ọ́ di e. Èyí tí kò ní àmì ohùn rárá náà kò là: e, ìlà; a yọ ìlà, ó ku e. Gbogbo ẹ tó wà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà yẹn di e, gbogbo ọ di o. Ètò náà kò sì ké rárá, torí pé ní tirẹ̀ kò sí àṣìṣe kankan.

Èwo ni àṣẹ, èwo ni àlàyé

Inú bí mi sí ìwé ìlànà náà gan-an ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ṣí tábìlì àwọn àmì àsomọ́ tó wà nínú rẹ̀, mo sì rí ohun tó tún dà mí lójú rú. Lábẹ́ ìlà gbọọrọ, U+0329, wọ́n dárúkọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè tó ń lò ó. Lábẹ́ tó-ín, U+0323, Vietnam ni mo rí, pẹ̀lú àwọn ìlò mìíràn nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè. Ẹni tó bá ka tábìlì yẹn nìkan yóò sọ pé ìlà gbọọrọ ni Unicode ní kí Yorùbá lò. Bẹ́ẹ̀, CLDR, ìyẹn àkójọ ìsọfúnni nípa èdè ayé tí àjọ Unicode kan náà ń tọ́jú, fi ẹ, ọ àti ṣ olótó-ín sí abẹ́ Yorùbá. Ilé kan náà, ọ̀rọ̀ méjì.

Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa ti sọ fún mi pé èyí fi hàn pé àwọn Òyìnbó kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé a ò mọ bí a ṣe ń ka irú ìwé yìí ni. Ìwé ìlànà kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àṣẹ, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí kò bá tẹ̀ lé e kò lè pe ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ Unicode. Apá kan jẹ́ àlàyé lásán fún ẹni tó ń kà á. Orí kẹta ìwé náà ló ń sọ ìyàtọ̀ yìí. Kóòdù, orúkọ lẹ́tà, bí a ṣe ń tú lẹ́tà àpapọ̀ palẹ̀, àti kíláàsì àwọn àmì wà lára àṣẹ. Àwọn gbólóhùn kéékèèké tó wà lábẹ́ àmì nínú tábìlì, àti àwòrán lẹ́tà tó wà níbẹ̀ pàápàá, jẹ́ àlàyé. Nítorí náà, “Yorùbá” tí wọ́n kọ sábẹ́ U+0329 kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan kàn ṣàkíyèsí, òótọ́ sì ni, pé ìlà gbọọrọ wà nínú ìwé Yorùbá. Kódà wọ́n tún fi kún un níbẹ̀ pé àmì náà lè fara kan lẹ́tà tàbí kó má fara kàn án, pé ìrísí rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ nìyẹn nígbà tí a bá béèrè bóyá tó-ín ni tàbí ìlà.

Ìṣòro kan wà ṣá o. Lójú ẹni tó ń fọwọ́ kọ̀wé, tó-ín àti ìlà jẹ́ ìrísí méjì fún ohun kan. Lójú òfin ìmúdọ́gba, wọn kò dọ́gba rárá. Wọ́n yàtọ̀ bí a àti b ṣe yàtọ̀. Àlàyé ní kí a fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú un, àṣẹ ní rárá. Níbi tí méjèèjì bá ti takora, àṣẹ ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Bí èmi bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò bá ti bi àwọn olùrànlọ́wọ́ mi léèrè kóòdù tí kíbọọ̀dù wọn ń tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo àṣẹ ló bá ọgbọ́n mu. Orúkọ U+FE18 ní àṣìṣe ìtẹ̀wé nínú: BRAKCET ni wọ́n kọ níbi tó yẹ kí wọ́n kọ BRACKET. Orúkọ jẹ́ àṣẹ, wọ́n sì ti ṣèlérí pé orúkọ kò ní yí padà láé, nítorí náà àṣìṣe náà wà níbẹ̀ títí dòní. Orúkọ àdàpè tó tọ́ ni wọ́n fi kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà U+01A3, tí wọ́n pè ní OI, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú o tàbí i. Gha ni lẹ́tà náà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ nìkan túmọ̀ ìwé náà yóò ṣìnà.

Ibi tí tó-ín ti rí ọ̀nà tí ìlà kò rí

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ẹ olótó-ín fi ní kóòdù tirẹ̀ nígbà tí e̩ onílà kò ní. Kì í ṣe torí tiwa. Ẹ àti ọ wọlé ní ẹ̀dà 1.1 ní 1993, nínú àwọn lẹ́tà tí Vietnam nílò. Nínú èdè Vietnam, tó-ín ìsàlẹ̀ jẹ́ àmì ohùn! Ohun tó ń sọ irú fáwẹ̀lì ni àmì tó wà lókè, bí i nínú ê. Ẹ wá wo ệ ti Vietnam, U+1EC7: bí Unicode bá tú u, ẹ ló máa kọ́kọ́ jáde, kó tó kan àmì òkè. Ìyẹn ni pé ohùn ṣáájú irú fáwẹ̀lì. Nínú ẹ́ ti Yorùbá, irú fáwẹ̀lì ló ṣáájú ohùn. Òfin kan náà ló ṣe méjèèjì, torí pé ipò àmì ni òfin náà ń wò, kò mọ ohun tí àmì ń ṣe nínú fonọ́lọ́jì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ nínú kíláàsì pé Unicode gbà pé tó-ín jẹ́ apá lẹ́tà, ohùn sì jẹ́ àfikún. Àlàyé yẹn dùn ún gbọ́, ó sì bá ìmọ̀ wa mu, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé náà.

Irú rẹ̀ wà nínú kọ́ńsónáǹtì aránmú asesílébù. Ń ní kóòdù kan, U+0144. Ḿ náà ní, U+1E3F. Ǹ kò ní i títí di ẹ̀dà 3.0 ní 1999, nígbà tí wọ́n fi U+01F9 sílẹ̀ fún Pinyin, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà pẹ̀lú lẹ́tà Látìnì. M̀ kò ní i títí dòní. Ẹni tó bá ń wá ìdí rẹ̀ nínú ètò ìró Yorùbá yóò wá a títí. Ìtàn ni ìdí rẹ̀: lẹ́tà àpapọ̀ tó wà ni èyí tí ẹnì kan ti nílò níbòmíràn.

Ṣé a kò wá lè ní kí wọ́n fún wa ní ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀ alápapọ̀? A lè béèrè, àmọ́ kò ní wúlò. Ètò ìsopọ̀ inú NFC ti dúró lórí ẹ̀dà 3.1 ti 2001, kí ìwé tí a ti fi pamọ́ má baà yí padà lójijì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wa ní kóòdù tuntun lónìí, NFC yóò máa tú u palẹ̀ padà ni. Ẹkún tí à ń sun lórí lẹ́tà àpapọ̀ ti pẹ́ jù. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì àti ètò kọ̀ǹpútà ni kí àmì méjì lórí lẹ́tà kan jókòó dáadáa, yálà ó jẹ́ àpapọ̀ tàbí kò jẹ́.

Ɛ náà ní tirẹ̀

Bí mo bá ti gbà láti kọ ọ̀rọ̀ Akparé bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́, kò sí èyí tó máa ṣẹlẹ̀. Ɛ jẹ́ lẹ́tà odindi, U+025B, ɔ jẹ́ U+0254. Bí a bá yọ gbogbo àmì àsomọ́ kúrò, ohùn nìkan ló máa lọ. Ìlànà àkọtọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé tí UNESCO pè ní Niamey ní 1978 ti dámọ̀ràn irú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí fún èdè Áfíríkà. Ní Benin, àkọtọ́ orílẹ̀-èdè ti 1975 kọ Yorùbá pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh, CLDR sì ní ìsọfúnni ọ̀tọ̀ fún Yorùbá ti Benin. Orúkọ Akparé pàápàá ń fi kp hàn wá, níbi tí àwa ará Nàìjíríà ti ń kọ p.

Síbẹ̀, mo ti rí fáìlì tí ẹnì kan ti fi ε ti Gíríìkì, U+03B5, dípò ɛ. Ojú kò lè yà wọ́n nínú fọ́ǹtì púpọ̀. Tí lẹ́tà ńlá bá dé, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Ɖ tí Ewe ń lò jẹ́ U+0189, lẹ́tà kékeré rẹ̀ sì ni ɖ. Đ ti àwọn ará Croatia jẹ́ U+0110, lẹ́tà kékeré rẹ̀ ni đ. Ð ti Iceland jẹ́ U+00D0, lẹ́tà kékeré rẹ̀ ni ð. Bí ìbejì ni lẹ́tà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ẹni tó bá tẹ èyí tí kò tọ́ kò ní mọ̀, àfi ìgbà tí ètò kan bá sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni fáwẹ̀lì aránmúpè. Ní Nàìjíríà, n la fi ń kọ ọ́ lẹ́yìn fáwẹ̀lì. Ewe, tó jẹ́ èdè orílẹ̀-èdè ní Tógò pẹ̀lú Kabiyè, ń fi àmì ìgbì sórí fáwẹ̀lì: ã, ɛ̃, ɔ̃. Onímọ̀ èdè tó bá fẹ́ fi ohùn kún èyí yóò ní àmì méjì lókè. Àwọn méjèèjì wà ní kíláàsì 230. Níbí, òfin ìmúdọ́gba kò to ohunkóhun. Bí a bá tẹ ìgbì ṣáájú ohùn, ìgbì ló sún mọ́ lẹ́tà, ohùn ló wà lókè rẹ̀. Bí a bá tẹ ohùn ṣáájú, òdìkejì ni, àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba láé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣé kì í ṣe ìtakora ni pé Unicode máa ń to tó-ín àti ohùn fún wa, tí kò sì to ìgbì àti ohùn. Rárá. Tó-ín àti ohùn kò lè kan ara wọn, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, nítorí náà bí a ṣe tẹ̀ wọ́n kò yí ìrísí padà. Ìgbì àti ohùn ń jà sí àyè kan náà, bí a ṣe tẹ̀ wọ́n sì ń yí ìrísí padà. Ìwé náà dúró lórí ìlànà kan ṣoṣo; àwa la retí pé kó dúró lórí fonọ́lọ́jì. Ohun tí n kò lè fi ìlànà kankan ṣàlàyé ni ti ṍ àti ṹ, tí wọ́n ní kóòdù kan ṣoṣo, U+1E4D àti U+1E79, nígbà tí ã́ àti ĩ́ kò ní.

Gb àti kp lójú ìwé

A fẹ́ fi apá kan nínú àkójọ náà ṣe ìwé kékeré fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tóbi, kó sì ní àwọ̀. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì la fi ṣe é kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gb jáde pẹ̀lú G ńlá àti b kékeré tó ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kp náà bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tó ń kọ́ pé lẹ́tà kan ni gb, ẹ̀kọ́ òdì nìyẹn.

CSS, ìwé ìlànà tó ń darí ìrísí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, sọ nípa lẹ́tà àkọ́kọ́ pé èdè kan lè ní òfin tirẹ̀ lórí lẹ́tà méjì tó ń rìn pọ̀. Àpẹẹrẹ tó fúnni ni ij ti èdè Dutch: ó ní kí a kà á pọ̀. Kò dárúkọ gb. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹni tó ń bá wa ṣe ojú ìwé náà, ó fèsì pé Dutch nìkan ni ìwé gbà láàyè. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó ṣáájú àpẹẹrẹ náà sọ̀rọ̀ nípa èdè ní gbogbogbòò. Dutch wá lẹ́yìn rẹ̀ láti tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Bí a bá sọ pé “èso kan máa ń korò, bí àpẹẹrẹ orógbó”, a kò sọ pé orógbó nìkan ló korò. Ìwé náà gba gb láàyè, kò kàn fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti ṣe é.

Unicode náà ní ọ̀rọ̀ lórí èyí, ó sì dà bí ẹni pé ó ta ko CSS. Nínú UAX #29, níbi tó ti sọ ohun tí ẹni tó ń kàwé máa kà sí lẹ́tà kan, ẹ́ jẹ́ ìdì kan bó tilẹ̀ jẹ́ kóòdù méjì, ṣùgbọ́n gb jẹ́ ìdì méjì. CLDR, ní tirẹ̀, to gb sí ẹ̀yìn g bí lẹ́tà odindi nígbà tó bá ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èyí ti da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú: ṣé lẹ́tà kan ni gb àbí méjì? Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. UAX #29 ń sọ ibi tí atọ́ka lè dúró nígbà tí a bá ń tẹ̀wé, tó sì yẹ kí a lè pa b rẹ́ láìpa g. CLDR ń to ìwé atúmọ̀ èdè. CSS ń ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ìwé. UAX #29 fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí òun gbé kalẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀, pé èdè lè tún un ṣe. Bí onímọ̀ fonọ́lọ́jì, onímọ̀ mọfọ́lọ́jì àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá pín ọ̀rọ̀ kan náà sí ọ̀nà mẹ́ta, a kì í sọ pé wọ́n ń jà.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà

Mo ju ojú ìwé mẹ́ta yẹn nù. Mo ṣí ìdajì kejì, mo fi U+0323 rọ́pò gbogbo U+0329, mo sì sọ fáìlì méjèèjì di NFD kí n tó kan ohùn. Nísinsìnyí, U+0300 àti U+0301 nìkan ni ètò mi ń yọ, mo sì dárúkọ wọn nínú rẹ̀. Kò sí “gbogbo àmì àsomọ́” mọ́. Fáwẹ̀lì méje jáde nínú ìdajì méjèèjì. Mo tún ṣe ẹ̀dà kejì tó jẹ́ ti ɛ àti ɔ, torí pé òun ni a óò fi ṣe ìwé àwọn ọmọ. Fún fáwẹ̀lì aránmúpè, mo pinnu pé ìgbì ni a óò kọ́kọ́ tẹ̀, kí ohùn tẹ̀ lé e, mo sì kọ ìpinnu yẹn sí orí fáìlì, pẹ̀lú kóòdù àmì méjèèjì, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ojú wá a.

Gb àti kp ṣì kù. Ọwọ́ la fi ń yí i ká, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, nínú ìwé kékeré náà. A ti dé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kp.